Tẹ́nu èèyàn yín bá ṣàdédé wọ́: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láti ilé dé lọ́pítálì, àtohun tẹ́ ẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá padà délé

Ìgbakọ ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ta ẹ̀kọ ní Kétu, Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, wọ́n ń bu ẹ̀kọ sínú ewé láàárọ̀, ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fi tòsì mú un, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọwọ́ yìí náà ti fẹ́ darúgbó. Ó tún bọ́. Nígbà tọ́mọ wọn kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o, ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu, ọmọ rò pé wọ́n ń dápàárá ni. Ìgbà tó máa fi wojú wọn dáadáa tó máa rí i pé ẹnu ti wọ́ sápá kan, ẹ̀kọ inú ìkòkò ti ń dì.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ilé kún. Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé ni, ẹnì kan ní afẹ́fẹ́ burúkú ló lù wọ́n, ẹnì kan ní ká dúró de ẹ̀gbọ́n tó wà lóko kó wá sọ ibi tá a máa gbé wọn lọ, ẹlòmíì ti sáré bu epo pupa sí wọn lẹ́nu, epo sì há wọn, wọ́n wúkọ́ títí ojú wọn fi pọ́n. Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí kí wọ́n tó kúrò ní Kétu, ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó bá mi níbi tí mo ti ń dúró dè wọ́n l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé, "Aago mélòó ni wọ́n wà dáadáa gbẹ̀yìn?" Ọ̀kan ní aago méje. Ọ̀kan ní ó ti kọjá mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹta ní látàná lòun ti rí i pé ojú wọn ò dáa. Dókítà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Mo kàn ti ń tọ́jú wọn látọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, mo ti jókòó lọ́dọ̀ kiné, ẹni tó ń kọ́ ara tó rọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ padà, débi pé bẹ́ǹṣì ibẹ̀ mọ̀ mí, mo sì ti da ìbéèrè bo àwọn dókítà títí wọ́n fi ń sá fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ká ní ẹnì kan nílé wa ti mọ ìdajì ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀tọ̀ lohun tí mi ò bá máa kọ lónìí.

Àìsàn yìí, àwọn àgbà wa ń pè é ní ẹ̀gbà tàbí rọpárọsẹ̀, àwọn tó kàwé Faransé ń pè é ní AVC, àwọn ará wa ní Nàìjíríà ní sítróòkì. Orúkọ rọpárọsẹ̀ yẹn ń tàn wá jẹ, torí ó jẹ́ ká máa rò pé apá àtẹsẹ̀ ló ń ṣe èèyàn, a wá ń fi òróró wọ́ apá, à ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀. Apá ò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Wáyà tó ti orí òpó wá ló já, a wá gbé gílóòbù à ń nù ún. Inú ọpọlọ ni ìjà ti ń lọ.

Ọpọlọ kò ju bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, àmọ́ òun nìkan ń lo bí ìdá 20 nínú 100 atẹ́gùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ara, kò sì ní àká tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, ohun tó bá délẹ̀ báyìí ló ń jẹ báyìí. Ọ̀nà méjì lebi fi ń pa á. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ó sì lè jẹ́ iṣan gan-an ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú orí. Èyí tó dí ló pọ̀ jù káàkiri ayé, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Áfíríkà níbí, èyí tó bẹ́ máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe ń pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó lọ, tánsíọ̀n, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, tá ò tọ́jú ló sì ń fa èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Méjèèjì jọra lójú bí ìbejì. Kò sẹ́ni tó lè wojú aláìsàn kó sọ pé èyí dí, èyí bẹ́, dókítà gan-an ò lè fọwọ́ sọ̀yà títí wọ́n á fi gbé e wọ sikánà tí wọ́n á ya fọ́tò inú orí ẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ìbejì yìí dání, mo ń bọ̀ wá lò ó.

Lọ́dún 2006, onímọ̀ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeffrey Saver jókòó ṣírò ohun tó ń ṣòfò nínú èyí tó bá jẹ́ iṣan ńlá ló dí. Ó ní ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú. Ìṣẹ́jú kan o! Ẹ wá fi wo ìpàdé ẹbí tiwa.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá nínú gbogbo ẹ̀ ni "òjijì". Ẹni tápá ń dùn láti oṣù mẹ́ta, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣeré lọ tó ṣàdédé yí padà là ń sọ. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín kó fi eyín hàn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ò dìde. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kó dijú, kẹ́yin máa ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, tọ́wọ́ kan bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sùn lọ, ọ̀rọ̀ ti wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó sọ gbólóhùn kan tẹ̀lé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó ka ení èjì, ẹ má ní kó gbàdúrà tàbí kó ki oríkì ilé wọn, torí àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ẹnu láti kékeré máa ń jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ gidi ti kú, ó sì máa tàn yín. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí, bíi "ewúrẹ́ dúdú ń jẹ gààrí lẹ́yìn ilé". Tó bá sọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ tàbí tó ń wò yín bí ẹni tí ò gbédè, ó tó.

Àwọn míì tún wà: ojú kan tó ṣú lójijì, òyì tó gbé èèyàn débi pé kò lè dá dúró tó ń rìn bí ọ̀mùtí nígbà tí kò mutí, tàbí orífífọ́ tí kò rí irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀, tó wọlé wàá bí ìgbà tẹ́nì kan fi ọmọ odó lù ú lórí. Ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀ ti tó láti gbéra. Lóòótọ́ o, ó lè máà jẹ́ AVC. Alátọ̀gbẹ tí ṣúgà ara ẹ̀ já wálẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú wárápá lè ṣe bẹ́ẹ̀, oríṣi ẹnu wíwọ́ kan sì wà tó jẹ́ iṣan ojú nìkan ló mú, tí apá àti ọ̀rọ̀ ò ní nǹkan ṣe. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ yín láti yà sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ káwọn tó níṣẹ́ yà á. Ẹ má sì sọ pé ọmọdé ni, kò lè jẹ́ òun. Ọmọ tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀gbà lè mú un ní kékeré.

Èyí tó ń pa wá jù ní ìdákẹ́jẹ́ lèyí tó wá tó tún lọ. Ọwọ́ kú, ẹnu wọ́, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ ti padà sípò. Ilé á máa dúpẹ́, wọ́n á pa adìyẹ, wọ́n á ní Ọlọ́run kó o yọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan díẹ̀ tó sì yọ lọ, òmíì sì lè máa bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì léwu jù. Ẹ jẹ adìyẹ yẹn lójú ọ̀nà lọ́pítálì.

Ó dáa, ó ti ṣẹlẹ̀, kí lẹ máa ṣe? Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo aago. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tẹ́ ò bá rí ìwé ẹ kọ ọ́ sọ́wọ́ yín. Aago tẹ́ ẹ rí i pé ẹnu wọ́ kọ́ là ń wá, aago tẹ́nì kan fojú ara ẹ̀ rí i tó wà dáadáa gbẹ̀yìn la fẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó sùn láago mẹ́wàá alẹ́ tó sì jí láago mẹ́fà àárọ̀ tápá ò gbé, mẹ́wàá alẹ́ lẹ máa kọ, ẹ má kọ mẹ́fà, àfi tẹ́nì kan bá bá a sọ̀rọ̀ lóru nígbà tó dìde tọ̀. Mo mọ̀ pé ó dà bí nǹkan kékeré. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, wákàtí 4 àtààbọ̀ ló ní láti ìgbà yẹn, tó bá ti kọjá ọ̀pọ̀ dókítà ò ní fẹ́ fún un, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú orí. Tẹ́ ò bá mọ aago, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tí dókítà yẹn fi gbé bírò sílẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn aago, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Mo ní nǹkan kan! Kì í ṣe omi, kì í ṣe epo, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe omi àdúrà, kì í ṣe oyin. Apá tó rọ níta yẹn, irú ẹ̀ ló wà lọ́nà ọ̀fun, ohun tẹ́ ẹ bá bù sí i lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jà pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró torí epo tí wọ́n bù sí wọn lẹ́nu pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹni tó bu epo yẹn ò tíì dárí ji ara ẹ̀ títí dòní, a kì í sì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan nílé.

Asipirín ńkọ́? Ẹ rántí ìbejì. Tó bá jẹ́ èyí tó dí, asipirín máa wúlò, wọ́n sì máa fún un ní lọ́pítálì lẹ́yìn sikánà. Tó bá jẹ́ èyí tó bẹ́, ẹ ti la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ ò mọ èyí tó jẹ́, torí náà ẹ gbé e sílẹ̀. Oògùn tánsíọ̀n náà, ẹ má sọ pé ẹ wọn ọ́n tó ga kẹ́ ẹ wá kó hóró mẹ́ta sí i lábẹ́ ahọ́n, tánsíọ̀n máa ń ga lákòókò yẹn, tẹ́ ẹ bá fi ipá já a wálẹ̀, ibi tó ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ọpọlọ lè má rí mọ́. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí. Ọ̀rọ̀ kan sì ń lọ káàkiri WhatsApp pé kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí ẹ̀jẹ̀ kán, kẹ́ ẹ fa etí títí yóò fi pọ́n. Irọ́ ni. Ẹni tó ń gún ìka ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣòfò, ẹ fi mílíọ̀nù 1.9 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó jẹ́.

Tó bá ń sùn lọ tàbí tó ń bì, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, kẹ́nu kọjú sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí ohun tó bá bì lè dà síta. Ẹ tú ìgbànú, ẹ tú gèlè, ẹ ní káwọn èrò kúrò lórí ẹ̀ kó rí atẹ́gùn.

Ẹnì kan á máa ṣèyẹn, ẹnì kejì á wà lórí fóònù. Ẹ pe lọ́pítálì tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé sikánà yín ń ṣiṣẹ́ lónìí? Nítorí kí lẹ ṣe máa sáré lọ síbi tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ máa lọ síbòmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ájàṣẹ́, lọ́pítálì ńlá ti Ouémé-Plateau wà nílùú, CNHU, lọ́pítálì ńlá ìjọba tó wà ní Kútọnu, sì tó nǹkan bí 30 kìlómítà, àmọ́ ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń há láàárọ̀. Ará Kétu á gba Pọ́bẹ̀ àti Sakété wálẹ̀. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ wà lórí títì RNIE 2, Parakou lókè, Kútọnu nísàlẹ̀, Parakou ló sì sún mọ́ ọn jù. Ẹ má dúró dọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa jiyàn ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Tẹ́ ò bá rí ọkọ̀, ẹ pe àwọn panápaná lórí 118.

Lórí ọ̀rọ̀ zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà: mo mọ̀ pé ní abúlé míì, òun nìkan ló wà. Àmọ́ ẹni tápá kan àtẹsẹ̀ kan ti rọ ò lè di nǹkan kan mú, ọrùn ẹ̀ á máa fì. Mọ́tò ni kẹ́ ẹ wá, kódà kó jẹ́ ti ẹni tó ń kó tòmátì lọ sọ́jà, ẹ tẹ́ ẹní sí i. Tí kò bá sí rárá, kẹ́nì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó gbá a mú, kó gbé e dé ibi tí mọ́tò wà, kó má gbé e dé Àjàṣẹ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, ẹ mú kááné (ìwé) lọ́pítálì ẹ̀, kẹ́ni tọ́rọ̀ náà ṣojú ẹ̀ sì wọ ọkọ̀, torí òun ni dókítà máa bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ayé wá ńkọ́? Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, ọmọ Kétu lèmi náà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ dá Ifá, kó máa lọ, ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó gbà á, kí mọ́tò ti gbéra ná. Ẹjọ́ ayé lè dúró dọ̀la, ọpọlọ ò lè dúró.

Kódà tó bá ti kọjá wákàtí 4 àtààbọ̀, kódà tí wọ́n bá ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀, ẹ gbé e lọ. Àwọn lọ́pítálì kan láyé yìí tún ń ti itan èèyàn ki wáyà wọlé lọ fa ẹ̀jẹ̀ tó dì jáde, èyí sì lè ṣeé ṣe fáwọn kan títí di wákàtí 24, àmọ́ ibi tí ìyẹn wà ò pọ̀. Èyí tó kù, tó jẹ́ pé ibi púpọ̀ lè ṣe é, kì í ṣe kékeré: wọ́n á ṣọ́ ṣúgà, wọ́n á ṣọ́ ibà, wọ́n á mú tánsíọ̀n wálẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n á sì wò ó bóyá ó lè gbé nǹkan mì kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ. Tí wọn ò bá wo ti oúnjẹ yẹn, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bèèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti dán ọ̀fun wọn wò?"

Lẹ́yìn lọ́pítálì niṣẹ́ ẹ̀yin gan-an bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ wa níyẹn. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n ní ẹ máa mú wọn wá lóṣooṣù, ó parí.

Oúnjẹ la kọ́kọ́ fi kọ́gbọ́n. Ẹ gbé e jókòó, kẹ́yìn gún, kí àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀ sí àyà, ẹ má jẹ́ kó gbórí sókè bí ẹni tó ń mu gààrí. Ṣíbí kékeré. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ tó le, ẹ dúró, ẹ wo ọ̀fun ẹ̀ tó lọ sókè sódò kẹ́ ẹ tó bu òmíì. Omi tó ń ṣàn ló léwu jù, àwa tá a rò pé omi ló rọrùn. Ẹ̀kọ mímu tó ki díẹ̀ rọrùn jù ú lọ, kiné ló sọ fún wa, Ìyá Ẹlẹ́kọ sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà fúngbà àkọ́kọ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn náà ló wá padà ń bọ́ àwọn. Tó bá gbé e mì tán ẹ ní kó ṣe "áà", tóhùn ẹ̀ bá ń dún bíi pé omi wà lọ́fun, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fìka wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ, oúnjẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Kó jókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó dùbúlẹ̀.

Tí kò bá lè yí ara ẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, ká sọ òótọ́ ó máa ń rẹ èèyàn, ẹ pín in láàárín ara yín. Tẹ́ ò bá ṣe é, ìdí àti gìgísẹ̀ á pọ́n, á bó, á di egbò, egbò yẹn sì lè pa á nígbà tí AVC ò pa á.

Apá wá. Ọmọkùnrin kan wà nílé wa, alágbára, tó fẹ́ràn wọn gan-an, apá ọ̀tún tó rọ yẹn ló máa ń fà tó bá fẹ́ gbé wọn dìde. Lọ́jọ́ kan kiné ní kí n mú ìka wá, ó fi ìka mi sí abẹ́ egungun èjìká wọn. Àyè wà ńbẹ̀. Ìka mi kan wọlé sáàárín egungun méjì tó yẹ kó so mọ́ra. Ẹran tó ń di èjìká mú ti rọ, apá ń fi ìwọ̀n ara ẹ̀ fa ara ẹ̀ yọ, àwa náà wá ń bá a fà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń ké tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹ má fa apá tó rọ láé, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ abíyá gbé e. Ẹ gbá a mú láti ẹ̀yìn àti ìdí, ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà sókè tó bá jókòó, tó bá sì ń wọṣọ, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọ̀, kó jẹ́ òun ló máa gbẹ̀yìn nígbà bíbọ́.

Bàbá kan wà tá a jọ máa ń pàdé lọ́dọ̀ kiné, apá òsì ló rọ ní tiwọn. Ìyàwó wọn ń bínú pé tóun bá gbé oúnjẹ fún wọn, ìdajì àwo ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á fi ìdajì sílẹ̀, wọ́n á wá máa pariwo pé ebi ń pa àwọn. Kiné yí àwo náà po. Bàbá jẹ ìdajì tó kù. Wọn ò rí i rárá ni, ojú wọn ríran o, ọpọlọ ló ti gbàgbé pé ọwọ́ òsì ayé wà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó jẹ́ apá ọ̀tún ọpọlọ ló kàn. Ẹ máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó gbàgbé yẹn tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kó lè máa wá a.

Èyí tápá ọ̀tún ara bá rọ, bíi ti Ìyá Ẹlẹ́kọ, apá òsì ọpọlọ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á fẹ́ sọ rárá, bẹ́ẹ̀ ni á jáde. Wọ́n á mọ orúkọ ọmọ wọn nínú, ẹnu ò ní gbé e. Ẹ má pariwo mọ́ wọn, etí wọn ò di. Ẹ má bá wọn parí gbólóhùn ní kíá. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi nǹkan náà hàn wọ́n, ẹ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ wọn ń gbálẹ̀ ó ń kùn orin ìjọ, la bá gbọ́ ohùn kejì, orin náà ni wọ́n gbà, wọ́n kọ ọ́ délẹ̀ geere láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, a sì ní kí wọ́n sọ "omi", kò jáde. Orin àtàdúrà kì í gba ọ̀nà kan náà tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Látìgbà náà orin la fi ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ ò ní ṣàìrí èyí náà: wọ́n á máa sunkún nígbà tí kò séwu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín níbi òkú. Àwọn ará ilé á ní wọ́n ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjánu ọpọlọ ló já, wọn ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọn ò sunkún, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò fẹ́ jẹun, wọ́n kọjú sí ògiri ní gbogbo ọjọ́, ìbànújẹ́ gidi nìyẹn, ó ń mú bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tó ti ní AVC, oògùn wà fún un, ẹ sọ fún dókítà.

Lórí kiné: ẹ bẹ̀rẹ̀ kíá, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lara máa ń yára padà jù. Tówó ò bá gbé ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ní kó kọ́ yín, kẹ́ ẹ máa ṣe é nílé lójoojúmọ́. Èmi rò pé ìyẹn gan-an ló dáa jù. Ìdìde-jókòó lórí àga, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́, ó ju ìfọwọ́ra olóròóró lọ.

Kí kejì má bàa wá, tánsíọ̀n ni. Ẹ máa wọn ọ́n nílé bó ṣe yẹ: kó lọ tọ̀ kó tó jókòó, ìtọ̀ tó kún inú ń gbé e sókè. Kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kẹ́sẹ̀ tẹlẹ̀ láìṣe ìkan lé ìkan, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kò gbọdọ̀ mu kọfí ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Tó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, oògùn ò tíì ká a, ẹ padà lọ. Tó bá sì ti wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ dá a dúró. Mi ò mọ iye ẹni tí mo ti gbọ́ tó ní "mo ti gbádùn, mo ti fi í sílẹ̀".

Ẹ ra oògùn yẹn ní fámásì. Ẹ rántí ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, tí ìjọba lọ kó oògùn inú ẹ̀ lọ́dún 2017, àwọn oògùn orí àtẹ yẹn ò tíì tán nígboro. Hóró funfun inú ọ̀rá tí kò lórúkọ, ẹ̀fun lè ni.

Nínú ìkòkò wàyí: kí iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kan má ju 5 gíráàmù lọ, bíi ṣíbí tíì kan, kúbù Maggi àti lanhouin (ẹja oníyọ̀) sì ti ní tiwọn nínú, ẹ kà wọ́n mọ́ ọn. Ọtí sódábì, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ pọ̀ sí i, èyí tó jẹ́ ewé gidi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣèwádìí kan ní Nàìjíríà àti Gánà tí wọ́n ń pè ní SIREN, ó jáde ní 2018, tánsíọ̀n ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fa àìsàn yìí, àmọ́ wọ́n tún rí i pé àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ ni AVC ń mú jù. Gbòmọ̀, ewúro, tẹ̀tẹ̀, kò sí èyí tí kò sí lọ́jà Kétu.

Ìwé kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa báyìí, bébà lásán tá a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Nọ́ńbà lọ́pítálì méjì wà lórí ẹ̀, nọ́ńbà àwọn onímọ́tò méjì tó ń sùn ládùúgbò, 118, orúkọ oògùn Ìyá Ẹlẹ́kọ, àti orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó láṣẹ láti sọ pé ẹ gbéra láìdúró de ẹnikẹ́ni, a sì ti ya owó kan sọ́tọ̀ nínú èésú fún mọ́tò yẹn. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó wà lóko lọ́jọ́ náà fúnra wọn ló fi bírò pupa kọ ọ́ pé: Ẹ MÁ DÚRÓ DÈ MÍ.